Ohun Tí Eyín Àwọn Maya Àtijọ́ Ń Sọ Nípa Ìyà Ìgbà Ọmọdé

Ní orílẹ̀-èdè Guatemala, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò ga tó bó ṣe yẹ kí ọmọ ọjọ́ orí wọn ga. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2014 sí 2015 fi iye wọn sí ìdá 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan lára èyí tó ga jù lọ lágbàáyé. Láàárín àwọn ọmọ ìran Maya, tí í ṣe nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará orílẹ̀-èdè náà, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì kan wà tí ẹ ò ní ṣàì gbọ́: bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn, ìran kúkúrú ni Maya.

Èsì yìí ń ṣe ìpalára gidi. Bí kíkúrú bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni ìjọba fẹ́ máa náwó sórí omi tó mọ́ àti oúnjẹ ọmọdé fún? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń rù lójú rẹ̀ náà á gbà pé kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Àwọn onímọ̀ ti ń wá òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà lára àwọn ọmọ tó wà láàyè lónìí, wọ́n sì ń wá a lára eegun àti eyín àwọn baba ńlá wọn tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti inú ilẹ̀ yìí ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀wò jù, nítorí pé ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀, àti nítorí pé àwọn tó ń kà á fún wa ti ṣì í kà rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà: àwọn Maya kò parẹ́. Ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù Mẹ́síkò, ó gba Guatemala àti Belize, ó sì dé ìwọ̀ oòrùn Honduras àti El Salvador. Láàárín nǹkan bí ọdún 250 sí 900 lẹ́yìn ikú Olúwa wa ni àwọn ìlú ńlá wọn bíi Tikal, Copán àti Palenque gbèrú jù lọ. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn ìlú apá gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í tú, àwọn ọba kò gbé òkúta ìrántí ró mọ́, igbó sì gba ààfin. Àwọn ènìyàn kò bá ààfin lọ. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ṣì ń sọ nǹkan bí ọgbọ̀n èdè Maya títí di òní.

Nínú gbogbo ohun tó wà lára ènìyàn, èèpo funfun tó bo eyín ló le jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná, ó sì máa ń rin. Gbòǹgbò igi ń wọ inú sàréè, eegun kì í sì í pẹ́ kó tó rún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń ṣí ibojì tí wọn kò ní bá ju èérún eegun àti eyín mélòó kan lọ. Eyín yẹn tó wọn í ṣiṣẹ́.

Eegun wà láàyè. Tó bá ṣẹ́, ó máa ń jinná, ara sì ń wó o, ó ń tún un mọ, jálẹ̀ ọjọ́ ayé ẹni. Èèpo eyín kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ló ń tẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, láti ṣóńṣó eyín lọ sí ìdí rẹ̀, kí eyín náà tó hù síta. Tí wọ́n bá parí iṣẹ́ wọn, wọ́n á kú, kò sì sí ẹni tó máa ṣàtúnṣe mọ́. Tí àìsàn líle tàbí ebi bá wá bá ọmọ nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, ara á kó ìwọ̀nba agbára tó ní sí ohun tí kò ní jẹ́ kí ọmọ kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á sì dẹwọ́. Èèpo tí wọ́n tẹ́ lásìkò náà á fẹ́lẹ́. Nígbà tí ara ọmọ bá yá, tí iṣẹ́ padà bọ̀ sípò, ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn á dúró bí ìlà tó jin díẹ̀, tó gba iwájú eyín kọjá ní ìbú. Nígbà mìíràn, èèyàn lè fi èékánná mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kú ní ẹni àádọ́ta ọdún ń gbé ìlà àìsàn tó ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta lọ sí sàréè.

Ibi tí ìlà wà lára eyín tún ń sọ ọjọ́ orí. Ní ti àwọn eyín tí a ń lò dọjọ́ alẹ́, eyín iwájú àti eyín ṣóńṣó tó tẹ̀ lé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèpo ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá fi máa tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Onímọ̀ á wọn bí ìlà ṣe jìnnà sí ìdí eyín tó, á sì lè sọ bóyá ọmọ ọdún méjì ni tàbí mẹ́rin nígbà tí ohun tó ṣe é fi ṣe é. Lábẹ́ máíkírósíkópù, ó máa ń ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn ìlà tín-ín-tìn-tín kan wà lára èèpo eyín tó ń wáyé ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Èèyàn lè kà wọ́n kó sì mọ bí àìsàn náà ṣe pẹ́ tó. Àwọn eyín tí ọmọ máa pààrọ̀ tilẹ̀ máa ń ní ìlà kan tí ọjọ́ ìbí fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ síbẹ̀, torí pé kíkúrò nínú ilé ọmọ jẹ́ ìdààmú fún ara.

Àwọn Maya máa ń ṣe eyín iwájú lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n á gbẹ́ ihò róbótó sí i, wọ́n á sì fi òkúta jade aláwọ̀ ewé dí i. Ojú eyín kan náà tí ọ̀ṣọ́ yìí máa ń wà ni àwọn tó ń wádìí ti ń wá ìlà ìyà ìgbà ọmọdé.

Agbárí náà ní tirẹ̀. Ní kékeré, mùdùnmúdùn tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ eegun ara, títí kan eegun pẹlẹbẹ orí. Tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò bá tó, mùdùnmúdùn á máa fẹ̀ kó lè pèsè sí i, á sì máa ti eegun tó bò ó títí ojú eegun á fi kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ó máa ń hàn lórí agbárí, ó sì máa ń hàn ní òkè ihò ojú nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tí ènìyàn bá dàgbà, mùdùnmúdùn ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́, torí náà ihò tí a bá rí ní agbárí àgbàlagbà sábà máa ń jẹ́ èyí tó ti wà láti kékeré, tó sì ti ń jinná. Àwọn dókítà wa nílé mọ irú ìyípadà eegun orí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n kí àwọn ará Sípéènì tó dé, kò sí àrùn yẹn láàárín àwọn Maya, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irú ibà tó mú un gbilẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Kí ló wá ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ wọn?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àgbàdo ni gbogbo ìwé dẹ́bi fún. Àgbàdo ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ Maya. Èròjà irin tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ohun mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara gba ìwọ̀nba tó wà. Ní 2009, Phillip Walker, onímọ̀ nípa eegun àtijọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ko èyí. Wọ́n ní mùdùnmúdùn ọmọ tí kò ní irin tó kò ní rí ohun tó máa fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ohun tó ṣeé ṣe jù ni àìtó fítámínì B12, èyí tí a ń rí nínú ẹran, ẹja àti ẹyin, pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru àti aràn tó ń gba oúnjẹ mọ́ ọmọ lára. Àwọn mìíràn kò gbà fún wọn, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Lójú tèmi, àǹfààní rẹ̀ ni pé ó mú ojú wa kúrò lára abọ́ oúnjẹ nìkan, ó gbé e lọ síbi omi àti ilé ìgbẹ́. Ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ lè máa jẹun kó má hàn lára rẹ̀.

Àwọn ìlà kan tún wà nínú eegun ẹsẹ̀ tí X-ray máa ń gbé jáde, ṣùgbọ́n wọ́n lè parẹ́ bí eegun ṣe ń tún ara rẹ̀ mọ, ẹ̀rí wọn kò sì múná tó ti eyín. Gíga ara ló dá ariwo sílẹ̀ jù.

Ní 1967, awalẹ̀pìtàn William Haviland tẹ ìwádìí kan jáde lórí gíga àwọn tí wọ́n sin sí Tikal. Ó rí i pé àwọn ọkùnrin tó wà nínú ibojì ọlọ́lá ga ju àwọn yòókù lọ, àti pé gíga àwọn ọkùnrin dínkù ní àsìkò tó kẹ́yìn kí ìlú tó tú. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Frank Saul kọ̀wé lórí eegun tí wọ́n wú ní Altar de Sacrificios, ìlú kan lẹ́bàá odò Pasión. Ìlà eyín pọ̀ níbẹ̀, ihò agbárí pọ̀, ó sì rí ohun tó jọ àmì àìtó fítámínì C. Ó wá béèrè bóyá àìlera àwọn ènìyàn yìí lọ́wọ́ nínú bí ìlú ṣe tú. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn onímọ̀ létí, torí pé ó dùn ún sọ: èrò pọ̀ jù, ilẹ̀ ṣá, ọmọ kò rí jẹ, ìlú tú.

Lori Wright, onímọ̀ nípa eegun àtijọ́, padà sí agbègbè Pasión kan náà. Ó fi eegun Dos Pilas, Aguateca, Ceibal àti Itzán kún ti Altar de Sacrificios, ó sì wọn àwọn áísótóòpù inú eegun, ìyẹn oríṣi èròjà kan náà tí ìwúwo wọn yàtọ̀, kó lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ń burú sí i bí ìtúká ìlú ṣe ń sún mọ́, ó yẹ kó hàn: ẹran á máa dínkù, àgbàdo á máa pọ̀, àmì àìsàn á máa ga láti ìran dé ìran. Kò rí i bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ìbàjẹ́ kan ṣoṣo tó kan gbogbo wọn. Ní 1996, òun àti Christine White kó ẹ̀rí láti ọ̀pọ̀ ìlú Maya jọ, ibi kan náà ni wọ́n sì gúnlẹ̀ sí. Ní ti gíga, Marie Danforth ti fi hàn ní 1994 pé ohun tí Haviland rí ní Tikal kò ṣeé sọ di ti gbogbo ilẹ̀ náà.

Ohun tó kù nígbà tí ìtàn dídùn yẹn wó lulẹ̀ ló yẹ kó ká wa lára. Àmì ìyà ìgbà ọmọdé wà lára àwọn Maya nígbà tí ìlú ń tú, ó sì wà lára wọn nígbà tí ìlú ń gbèrú, tí wọ́n ń kọ́ tẹ́ḿpìlì, tí wọ́n ń gbẹ́ orúkọ ọba sára òkúta. Ní Copán, Rebecca Storey yẹ eegun àwọn tí wọ́n sin sí agbo ilé àwọn ènìyàn ńlá wò, ó sì bá ìlà eyín lọ́pọ̀ yanturu lára àwọn náà. Ọrọ̀ bàbá kò dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Àwa tá a fẹ́ràn láti máa fi ilé gíga wọn ìlú ńlá ayé àtijọ́, ẹ jẹ́ ká máa béèrè bí ọmọ ọdún méjì ṣe ń gbé níbẹ̀.

Ìṣòro kan wà nínú kíka àwọn àmì yìí tí kò sí ẹni tó lè yẹra fún un láti 1992, nígbà tí James Wood àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé e kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ mẹ́ta ní abúlé kan. Àìsàn inú wọ abúlé náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún méjì. Èkínní kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì ṣàìsàn fún oṣù mẹ́ta, ó rù kan eegun, ṣùgbọ́n ó là á já. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ kó o. Tí wọ́n bá wú wọn lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, eyín ta ni ìlà máa wà lára rẹ̀? Ti èkejì nìkan. Ọmọ tó kú kíá kò ní àkókò tí ìlà á fi wọ eyín rẹ̀ lára, nítorí pé èèpo gbọ́dọ̀ padà máa nípọn kí ibi tó fẹ́lẹ́ tó lè hàn gẹ́gẹ́ bí ìlà. Nínú sàréè, eyín ọmọ tó kú kíá àti ti ọmọ tí ohunkóhun kò ṣe jọra.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí gbogbo iye tí wọ́n ti ń kà. Ibi ìsìnkú tí ìlà eyín ti ṣọ̀wọ́n lè jẹ́ ti àwọn tí ara wọn le, ó sì lè jẹ́ ti abúlé tí ọmọ wọn kì í pẹ́ kú. Ibi tí ìlà ti pọ̀ lè jẹ́ ibi tí àwọn ìyá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ ikú. Àmì tí a ń pè ní àmì àìlera jẹ́ àmì pé ọmọ náà yè. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ̀wé nípa eyín yìí láìsọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí a lè mọ̀? Rárá o. Ọ̀nà kan ni láti fi eyín àwọn tó kú lọ́mọdé wé ti àwọn tó dàgbà ní ibi ìsìnkú kan náà, kí a sì wo ìlà tó wọlé ní ọjọ́ orí kan náà. Tí ìlà ọdún kejì tàbí ìkẹta bá pọ̀ jù lára àwọn tí kò dàgbà, a jẹ́ pé ìyà àkọ́kọ́ sọ ara wọn di aláìlágbára kí òmíràn tó dé. Andrea Cucina, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì tó wà ní Mérida ní Yucatán ní Mẹ́síkò, tẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde lórí àwọn ọmọ Maya ní 2011.

Ìbéèrè mìíràn ni ìdí tí ìlà fi máa ń pọ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin. Ìdáhùn tó rọrùn ni ìgbà tí wọ́n bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Fún àwa tí wọ́n fi ògì tọ́ dàgbà, kò ṣòroó lóye. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn náà ni àgbàdo wa ti wá, àwọn Maya sì ń po ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n ń pè ní atole fún ọmọ wọn títí di òní. Ẹ̀kọ nìkan láìsí ẹ̀wà tàbí ẹja kì í gbé ọmọ dúró, omi tí kò mọ́ tí wọ́n bá fi pò ó sì lè kó àìsàn bá a. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká yára dẹ́bi fún ìyá. Diego de Landa, àlùfáà ará Sípéènì tó kọ̀wé nípa Yucatán ní nǹkan bí 1566, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ lẹ́yìn náà, sọ pé àwọn ìyá Maya ń fún ọmọ lọ́mú títí di ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní 1998, Lori Wright àti Henry Schwarcz wọn áísótóòpù inú èèpo eyín láti Kaminaljuyú, lábẹ́ ibi tí ìlú Guatemala wà lónìí. Wọ́n rí i pé ọmọ ti ń jẹ oúnjẹ àgbàdo kó tó pé ọdún méjì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mu ọmú lọ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe pé wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ kan. Àwọn onímọ̀ eyín tún ti ṣàkíyèsí pé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tẹ́ èèpo eyín máa ń fi ìlà àwọn oṣù àkọ́kọ́ pa mọ́ sábẹ́, tí ti àárín eyín á sì hàn dáadáa. Apá kan lára ohun tí a ń pè ní ìyà gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ jẹ́ ibi tí ojú wa lè tó.

Nígbà tí àwọn ará Sípéènì dé, ọ̀rọ̀ yí padà, kò sì yí bákan náà níbi gbogbo. Ní Lamanai ní Belize, ìdààmú tó hàn lára eyín àti agbárí pọ̀ sí i lábẹ́ àwọn àjèjì náà. Ní Tipu, tó wà ní Belize bákan náà, tó sì jìnnà sí ọwọ́ agbára wọn, nǹkan bí 600 ènìyàn ni wọ́n wú ní ibi ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, àmì àìlera ara wọn kò sì pọ̀ tó bí àwọn onímọ̀ ṣe retí.

Ní etíkun Campeche ní Mẹ́síkò, nílẹ̀ Maya kan náà, wọ́n wú ibi ìsìnkú àkókò ìjọba Sípéènì kan, wọ́n sì bá àwọn kan níbẹ̀ tí wọ́n ti fi nǹkan rẹ́ eyín wọn bí a ti ń ṣe ní Áfíríkà. T. Douglas Price, Vera Tiesler àti James Burton wọn strontium inú èèpo eyín wọn, èròjà kan tó ń wọ ara ọmọ láti inú ilẹ̀ tí oúnjẹ rẹ̀ ti hù, tó sì yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní 2006 wọ́n kéde pé mẹ́rin lára wọn ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti bí wọn. A ò mọ orúkọ wọn, a ò mọ èdè wọn. Eyín tó hù ní ìgbà ọmọdé wọn níhìn-ín ló jẹ́rìí sí wọn ní òdìkejì òkun.

Ẹ̀rí tó kẹ́yìn wá láti ara àwọn alààyè. Ní Tezonteopan, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Puebla ní Mẹ́síkò tí kì í ṣe ti Maya, wọ́n fi oúnjẹ afúnnilókun kún ti àwọn ọmọ kan, wọn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Nígbà tí Alan Goodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo eyín wọn, tí wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 1991, iye àwọn tó ní ìlà láàárín àwọn tí kò rí àfikún gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àwọn tó rí i gbà. Ní ìlà oòrùn Guatemala, láàárín 1969 sí 1977, INCAP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ aṣaralóore ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà àti Panama, fún àwọn abúlé kan ní atole tí èròjà kún inú rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ohun mímu tí kò ní èròjà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mu atole kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta ga jù, àwọn ọkùnrin tó mu ún ní ọdún méjì àkọ́kọ́ sì ń gba owó tó fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ ní wákàtí kan nígbà tí wọ́n dàgbà.

Ní ti pé ìran kúkúrú ni Maya, ogun abẹ́lé Guatemala lé ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980. Barry Bogin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn ọmọ wọn ní Florida àti Los Angeles. Ní ọdún 2000, àwọn ọmọ Maya ibẹ̀ tí wọ́n wà láàárín ọdún márùn-ún sí méjìlá fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 ààbọ̀ ga ju àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Guatemala lọ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ìran kan sí èkejì sì ni. Omi ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn àti oúnjẹ ilé ìwé ló yí padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú gíga náà wà ní ẹsẹ̀, ẹ̀yà ara tó máa ń yára gùn jù lọ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, tó sì máa ń kọ́kọ́ dúró tí oúnjẹ àti ìlera bá kùnà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ náà sì tún ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn sì ni ohun tí àwọn tó wọn wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ báyìí.